Africanus Horton: dókítà ológun tó di oníṣòwò wúrà

Ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ ló tún gbé ìtàn èèyàn ńlá kan dé. Ẹni tòní kì í ṣe ọmọ Ìdànrè, kódà kì í ṣe Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, torí ìtàn rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn láàárín wa lásìkò yìí, ìyẹn ọ̀rọ̀ wúrà.

Ẹ ò ní sọ pé ẹ ò tíì gbọ́. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wúrà ní Sẹ̀gilọlá, lẹ́bàá Ìpẹ́rindó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní 2021, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń bi ara wọn pé kí làwọn tún ń ṣe nídìí kòkó. Àwọn kan fẹ́ gbé ṣọ́bìrì lọ sí Ìtagunmódi. Àwọn mìíràn gbà pé bí wúrà bá wà ní Ìjẹ̀ṣà, ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àpáta tiwa náà. (Àpáta tiwa, gránáìtì ni. Irú òkúta mìíràn tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní schist ni wúrà Ìjẹ̀ṣà ti ń jáde, níbi tí òkúta funfun ti là á kọjá bí iṣan. Ẹ má fi ojú kan náà wo méjèèjì.) Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè yìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù. Dókítà James Africanus Beale Horton wọ òwò wúrà ní ohun tó lé ní 140 ọdún sẹ́yìn. Ó mọ̀wé, ó lówó lọ́wọ́, ó mọ àwọn ọba tó ni ilẹ̀, ó sì mọ ọ̀nà London. Ohun tó rí níbẹ̀ àti ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Gloucester ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 1835. Abúlé orí òkè ni Gloucester, ó wà lókè Freetown ní Sàró. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun àtẹ̀gùn òkè wa rí á mọ irú ẹsẹ̀ tí ọmọ ibẹ̀ máa ń ní. Igbo ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Wọ́n ti kó wọn lẹ́rú, wọ́n ti rọ́ wọn sínú ọkọ̀, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀ lójú agbami, tí wọ́n sì já wọn sí Freetown. Ọ̀nà kan náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther gbà dé Sàró ní 1822. Bàbá Horton di káfíńtà níbẹ̀. Kò sí ilẹ̀ baba, kò sí oyè, kò sí mọ̀lẹ́bí tó máa ti oko gbé iṣu wá. Ayùn àti òòlù ni wọ́n fi ń jẹun.

Àlùfáà òyìnbó kan, James Beale, ló mú ọmọ náà wọ Grammar School tí ìjọ CMS dá sílẹ̀ ní Freetown, ní 1847. Ibẹ̀ ló ti kúrò lọ sí Fourah Bay, ilé ẹ̀kọ́ tí Crowther fúnra rẹ̀ ti wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1827. Àlùfáà ni wọ́n fẹ́ kí ó yà. Bí ọ̀rọ̀ bá lọ bí wọ́n ṣe tò ó, orí pẹpẹ là bá ti máa gbúròó rẹ̀.

Ohun tó yí i padà ni ibà. Nígbà yẹn, àwọn dókítà òyìnbó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń rán wá tọ́jú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kì í pẹ́ kí wọ́n tó kú. Ọkọ̀ á gbé ọ̀kan dé, kí oṣù mélòó kan tó kọjá, wọ́n á ti sin ín. Ilé-iṣẹ́ ogun ní London wá rò ó pé kí àwọn wá ọmọ ilẹ̀ dúdú, kí àwọn kọ́ wọn ní ìṣègùn, kí àwọn dá wọn padà sílé láti ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1855 wọ́n mú mẹ́ta ní Freetown: Horton, Samuel Campbell, àti William Broughton Davies. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ni Davies o, ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti kó àwọn òbí tiẹ̀ náà lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ King's College ní London. Àìsàn mú Campbell, ó padà sílé, ó sì kú. Davies àti Horton parí níbẹ̀ ní 1858. Horton tún tẹ̀síwájú lọ sí Yunifásítì Edinburgh ní Scotland, ó gba oyè dókítà ní 1859. Ibẹ̀ ló ti fi Africanus kún orúkọ rẹ̀, tó túmọ̀ sí ọmọ Áfíríkà. Ẹ ro ó wò: láàárín àwọn òyìnbó tó ń wo aláwọ̀ dúdú bí ẹni tí kò lè ronú, ó lọ mú orúkọ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì í mọ̀, ó sì kọ ọ́ sí iwájú ìwé tó fi gboyè.

Ọdún yẹn náà ló wọ iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí dókítà. Ó lo ohun tó lé ní 20 ọdún níbẹ̀, ó sì goke dé ipò Surgeon-Major ní 1875. Wọ́n gbé e kiri etíkun: Anomabu, Cape Coast, Accra, Gambia, àti àwọn ibòmíràn. Ó bá wọn lọ ogun Àṣàǹtí, ti 1863 sí 1864 àti ti 1873 sí 1874. Kì í sì í jókòó lásán ní bárékè. Ó ń wọn òjò, ó ń kọ bí ooru ṣe rí lójoojúmọ́, ó ń wo omi tí àwọn èèyàn ń mu. Ní 1868 ó gbé odidi ìwé kan jáde lórí sòbìà. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ mọ sòbìà, tí ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń fi igi kékeré wé e jáde lẹ́sẹ̀ èèyàn, ẹ ò ní fi ìyẹn ṣeré. Ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé tó fọwọ́ sí i pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ọkùnrin yìí ti ń kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 145 ṣáájú.

Ọdún 1868 yẹn náà ló tẹ ìwé tí àwọn onímọ̀ ìtàn ń tìtorí rẹ̀ dárúkọ rẹ̀ jù, West African Countries and Peoples. Àwọn òyìnbó kan ní London ń kọ ìwé nígbà náà pé orí aláwọ̀ dúdú kéré, pé kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ kọjá ibì kan. Horton tó ti la orí òkú láti mọ ohun tó wà níbẹ̀ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Edinburgh fi ìmọ̀ ìṣègùn dá wọn lóhùn. Ó tún kọ bí ó ṣe rò pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa ṣe ìjọba ara rẹ̀. Orí kan wà nínú ìwé náà tó dá lórí àwọn Akú, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Sàró, ó sì sọ̀rọ̀ Ẹ̀gbá níbẹ̀. Nígbà tí àwọn Fánté kó ara wọn jọ láti dá ìjọba tiwọn sílẹ̀, ó wà lẹ́yìn wọn gbágbáágbá.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ fò. Ní 1861 ó ti kọ̀wé sí London pé kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa, kí àwọn ọmọ dúdú púpọ̀ lè tẹ̀ lé òun àti Davies. Àwọn dókítà òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ̀wé tako o. Ilé-iṣẹ́ ogun gbọ́ tiwọn, wọn kò sì fi ọ̀nà yẹn mú ọmọ dúdú mìíràn mọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wúrà ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì di ẹni tó ń ra ilẹ̀ kùsà nígbà náà. Ẹni tó bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ìjọba, tí wọn ò fún un, tó sì mọ̀ pé ohun tí òun tọrọ dára, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó ara rẹ̀ ni.

Wúrà kò jìnnà sí i. Gold Coast, tó di Ghana lónìí, ni wọ́n gbé e sí jù. Àwọn Potogí ti dé etíkun yẹn láti 1471, wọ́n kọ́ ilé odi Elmina ní 1482, torí wúrà náà ni. Kí òyìnbó tó dé pàápàá, àwọn Akan ti ń wà á, wọ́n ń tà á gba aṣálẹ̀ lọ sí òkè lọ́hùn-ún. Ìyẹ̀fun wúrà ni owó wọn lọ́jà. Oníṣòwò á ní òṣùwọ̀n kékeré àti àwọn ìwọ̀n bàbà tí wọ́n rọ bí ẹyẹ, bí ẹja, bí àga. Èyí tí wọ́n ń fi wọn owó lọ́jà nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Wassa, ní agbègbè Tarkwa, àwọn ọkùnrin á gbẹ́ ihò tóóró wọ ilẹ̀ bíi kànga, wọ́n á gbé òkúta jáde, wọ́n á gún un, àwọn obìnrin á sì fọ̀ ọ́ nínú igbá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fífọ̀ yẹn díẹ̀ fún ẹni tí kò rí i rí. Wúrà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19. Yanrìn kò tó ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, bí o bá da yanrìn àti omi sínú igbá, tí o ń yí i, tí o ń mì í, yanrìn á máa bá omi dànù ní ẹnu igbá, wúrà á jókòó sí ìsàlẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó wà ní odò Ìjẹ̀ṣà lónìí ń ṣe ohun kan náà, igbá ló di páànù. Wúrà tó bá kù nísàlẹ̀ náà kì í sábà dá wà, fàdákà díẹ̀ máa ń wà lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ti ibì kan fi máa ń pọ́n tí ti ibòmíràn á sì ràn díẹ̀.

Ó rọrùn lẹ́nu, àbí? Ṣùgbọ́n wákàtí mélòó ni ẹ lè tẹ̀ ba nínú omi? Ó sì tún ku ewu tó wà nínú rẹ̀. Ní Zamfara ní 2010, ó lé ní 400 ọmọ kékeré tó kú, torí pé òkúta wúrà tí wọ́n ń gún nílé ní òjé nínú, eruku òjé náà sì wọ oúnjẹ, ó wọ ẹní, ó wọ ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lé. Mẹ́kúrì tí àwọn kan fi ń kó wúrà jọ náà ń pani, díẹ̀díẹ̀ ló ń pani. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ó kéré tán kó má gún òkúta nílé tí ọmọ wà.

Àwọn ọ̀yìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í dé Tarkwa fúnra wọn lẹ́yìn ogun Àṣàǹtí. Ẹni tó ṣí ọ̀nà náà ni ará Faransé kan, Bonnat. Àwọn Àṣàǹtí ti mú un lẹ́rú ogun ní 1869, wọ́n mú un dé Kumasi, ó lo ọdún mélòó kan níbẹ̀ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní 1874. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ó tún padà wá. Ó rí bí àwọn ará Wassa ṣe ń wa wúrà, ó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Ìròyìn dé London, ojú wọ́n là. Nígbà tó fi máa di 1882, òkìkí wúrà Gold Coast ti pọ̀ débi pé Richard Burton, arìnrìn-àjò tí gbogbo Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ Cameron wá wò ó fúnra wọn.

Horton ti ṣáájú Burton débẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí i, kì í ṣe pé ó gbé ṣọ́bìrì o. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé dókítà ológun wọ inú ihò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ìwé. Ó mọ àwọn ọba àti àwọn olóyè etíkun yẹn láti ìgbà tó ti ń tọ́jú wọn. Ó lè bá ọba Wassa ṣàdéhùn pé kí ó yá òun ní ilẹ̀ báyìí fún iye ọdún báyìí, kí òun máa san owó báyìí lọ́dọọdún, kí òun sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wa wúrà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ọba á tẹ̀ ẹ́. Horton á wá gbé ìwé náà lọ sí London. Níbẹ̀, àwọn tó lówó á dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, wọ́n á ra ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á fún un ní owó díẹ̀ àti ìpín nínú kọ́ńpìnnì. Ferdinand Fitzgerald, olóòtú ìwé ìròyìn African Times ní London, tí Horton ti máa ń kọ̀wé sí tipẹ́, wà nínú òwò wúrà yìí náà.

Ṣé ó dára? Mo ti ronú sí i, mi ò sì ní fi bò fún yín. Ọkùnrin tó kọ ìwé tako ìrẹ́nijẹ ni. Síbẹ̀, owó tí ọba gbà ní Wassa kéré sí iye tí ìwé kan náà máa ń tó bí ó bá ti dé London. Bí òwò yẹn ṣe ń lọ nìyẹn, òun náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbè é á sọ pé ó sàn kí èrè náà wọ àpò ọmọ dúdú ju kí gbogbo rẹ̀ wọ ti òyìnbó lọ, pé ó sì ní ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ará Wassa tó ni ihò yẹn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá sọ fún pé ilẹ̀ ti di ti kọ́ńpìnnì, kò mọ ìyàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbí díẹ̀, torí ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí. Òfin tiwa lónìí yàtọ̀ sí ti Wassa ìgbà yẹn. Lábẹ́ òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti 2007, gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Kì í ṣe ti Ọwá, kì í ṣe ti olórí ẹbí, kì í ṣe ti ẹni tó ni oko. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá bàbá yín ní oko kòkó pé òun fẹ́ ra wúrà tó wà lábẹ́ rẹ̀, bàbá kò ní wúrà náà láti tà. Ohun tí bàbá ní ni ilẹ̀ òkè, igi kòkó, àti ẹ̀tọ́ láti gba owó ìbàjẹ́. Ẹni tó fẹ́ wá ohun àlùmọ́ọ́nì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì Mining Cadastre ní Abuja, ìwé náà sì ní nọ́ńbà. Bí ó bá gba àṣẹ láti máa wà á, òfin kan náà sọ pé ó gbọ́dọ̀ bá ìlú tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ta ni yóò gbà sí iṣẹ́, ọ̀nà wo ni yóò ṣe, kí ni ìlú yóò rí. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ jẹ́ lọ́yà nínú gúrúùpù yìí, bí ibì kan bá wà tí mi ò sọ ọ́ tó, ẹ bá wa fi kún un. Àwọn àgbà wa ní oko ló nílò rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì sí lórí WhatsApp. Ẹ kà á sí wọn létí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Horton. Ó fẹ̀yìn tì ní 1880, ẹni ọdún 45. Ó lè jókòó sílé jẹ owó ìfẹ̀yìntì. Ó ti ní ìyàwó àti àwọn ọmọbìnrin. Fannie Pratt tó kọ́kọ́ fẹ́, ọmọ oníṣòwò Igbo kan ní Freetown, ti kú ní kékeré, ó sì ti fẹ́ Selina Elliott. Kàkà kó sinmi, wúrà ló gbájú mọ́. Kò sì pẹ́ tó fi rí ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti dí.

Wúrà Tarkwa kì í ṣe ti odò nìkan. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ wà nínú òkúta líle tí ó dà bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ pọ̀. Ojú lásán kò lè rí wúrà inú rẹ̀. Àfi kí ẹ fọ́ ọ, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ̀rọ irin ńláńlá ló lè ṣe ìyẹn dáadáa, òyìnbó ló sì ń ṣe ẹ̀rọ. Ọkọ̀ ojú omi á gbé ẹ̀rọ náà dé Axim ní etíkun. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ kékeré ni yóò gbé e gba odò Ankobra lọ sókè. Nígbà tí odò kò bá gbé e mọ́, orí èèyàn ló kù, nínú igbó kìjikìji, nínú òjò, nínú ẹrẹ̀. Irin tí kò ṣeé gé kéékèèké, ta ló máa rù ú? Ẹ̀rọ púpọ̀ já sí ọ̀nà. Owó tí wọ́n fi ń gbé ẹrù lọ ń jẹ èrè tí wúrà yóò mú wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ́ńpìnnì tí wọ́n fi ariwo dá sílẹ̀ ní London láàárín ọdún wọ̀nyẹn kò rí èrè kankan pín kí wọ́n tó tẹnu bodò.

Horton sọ pé ojú irin ni. Kí wọ́n la ojú irin kékeré láti etíkun wọ Wassa, ẹ̀rọ á dé, wúrà á jáde. Ó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ fún un, Wassaw Light Railway. Ọmọ káfíńtà láti Gloucester fẹ́ la ojú irin nígbà tí kò tíì sí mítà kan ojú irin ní Gold Coast, tí kò sì tíì sí ní Èkó.

Lẹ́yìn náà ló kan báńkì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò á mọ ohun tó rí. Ọmọ dúdú tó ń ṣòwò ní etíkun nígbà yẹn kò ní ibi tí yóò ti yá owó, àfi lọ́wọ́ àwọn ilé òwò òyìnbó tí wọ́n jọ ń bá ara wọn díje. Ní 1883 Horton ṣí Commercial Bank of West Africa ní Freetown, kí oníṣòwò dúdú lè rí owó yá. Owó tó ti ń kó jọ láti ìgbà iṣẹ́ ológun àti ti òwò wúrà ló gbé e síbẹ̀. Èmi tó ń kọ èyí, ibí yìí ni ọkùnrin náà ti wọ̀ mí lójú jù, ju ìwé lọ, ju wúrà lọ.

Àmọ́ kò gbádùn rẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1883 ló kú ní Freetown lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́. Ẹni ọdún 48 ni. Báńkì kò tíì pé ọdún kan.

Ó ti ṣe wíìlì kó tó kú, ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Ó pín tàwọn ọmọ àti ìyàwó, ó sì fi apá kan sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Freetown, níbi tí wọ́n á ti máa kọ́ àwọn ọmọ dúdú ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí London kọ̀ fún un ní 1861, òun fúnra rẹ̀ fẹ́ fi owó wúrà ṣe é. Ṣùgbọ́n níbo ni owó wúrà náà wà? Ó wà nínú ìpín àwọn kọ́ńpìnnì tí kò ní èrè. Ó wà nínú ìwé ilẹ̀ tí kò wúlò bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tà. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n tà. Báńkì ti ilẹ̀kùn. Ẹbí bá ara wọn dé kóòtù, ẹjọ́ jẹ nínú ohun tó kù. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò dìde.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa á ní ẹ̀rí lọ́kàn bí wọ́n ṣe ń ka èyí, torí kò sí agbo ilé tí kò mọ irú rẹ̀, ibi tí bàbá kú, tí gbogbo ìwé oko wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan, tí ọmọ kò mọ ààlà.

Ìtàn wúrà kò dúró níbẹ̀ o. Ọdún méje lẹ́yìn ikú Horton, ní 1890, àwọn oníṣòwò Fánté mẹ́ta gba ilẹ̀ wúrà Obuasi lọ́wọ́ àwọn olóyè Bekwai. Joseph ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́: Joseph Ellis, Joseph Brown, Joseph Biney. Wọ́n ń wà á fúnra wọn, wúrà náà sì pọ̀. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí owó ńlá. Ní 1895 wọ́n ta ẹ̀tọ́ wọn fún òyìnbó kan tó ń jẹ́ Cade, òun ló dá Ashanti Goldfields sílẹ̀ ní 1897, ibi ìwakùsà wúrà tí gbogbo ayé mọ̀ títí di òní. Ọdún 1897 yẹn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin kan wá tó fẹ́ gba àkóso ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ Gold Coast. Àwọn ọba àti àwọn lọ́yà dúdú kóra jọ ní Cape Coast, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá owó jọ, wọ́n rán aṣojú lọ sí London ní 1898, òfin náà kò sì wáyé. Ẹgbẹ́ ìlú bíi tiwa yìí náà ni o. Owó dídá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ojú irin ńkọ́? Ìjọba ló wá là á nígbẹ̀yìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Sekondi ní 1898, ó sì wọ Tarkwa ní 1901, nígbà tí Horton ti lo ọdún 18 lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, òkúta líle yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Wọ́n ṣì ń yọ wúrà ní Tarkwa lónìí.